Gbígbọ̀n Tí Mo Pè Ní Ijó

Alága wa lónìí, Alàgbà Adéfọlárìn, mo kúnlẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin àgbà tó jókòó lápá ọ̀tún, lémọ́mù wa láti Agbowó, pásítọ̀ wa láti Ring Road tí wọ́n yá wa ní gbọ̀ngàn nígbà tí a ò ní ibì kan, mo kí yín. Bàbá Islamiyat, ọkọ mi, ẹ kú ìfaradà. Ọbẹ̀ tó ti jóná nílé wa nítorí ìdánrawò, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye rẹ̀. Ẹ̀yin oníjó mi, ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àpéjọ.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére kan sílẹ̀ fún òní tí mò ń fi ipò sílẹ̀. Ó dùn, mo fi òwe sí i, mo fi ẹ̀rín sí i. Láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mi ò ti lè kà á mọ́. Ẹ bá mi gbọ́ èyí tó wà lẹ́nu mi. Bó bá rí rúdurùdu, ẹ má bínú, bí orí mi ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi darí Ẹgbẹ́ Oníjó Gbangba níbí ní Bódìjà. Ẹ mọ iṣẹ́ wa: ijó ọmọbìnrin tó ń bàlágà là ń jó kiri, tí ìbéèrè kún inú rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì kẹ̀yìn sí i. A jó o ní Dùgbẹ̀, a jó o ní iléèwé, a jó o létí gáréèjì Challenge tí àwọn dẹ́rẹ́bà pa ọkọ̀ wọn tì, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ẹ̀wù nu ojú. Bí ijó bá sì parí, a ó ní kí àwọn òbí ṣe pàṣípààrọ̀ ọmọ: kí o fi ọmọ tìrẹ sílẹ̀, kí o lọ jókòó ti ọmọ ẹlòmíràn, kí o sì dáhùn ohunkóhun tó bá bi ọ́ nípa ara rẹ̀, nípa ọkùnrin, nípa obìnrin, láìjágbe mọ́ ọn. Èmi Sìkírátù ni mo ṣòfin pé ohun tí ọmọ bá sọ fún ọ, kò gbọdọ̀ ti ẹnu rẹ dé etí òbí rẹ̀. Ṣebí ẹnìkan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń bá a wò ó?

Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ kí n tó gbàgbé. Adétóun, ìwọ tí wàá gba ipò mi láti ọ̀la, ẹsẹ̀ rẹ yá ju tèmi lọ, sùúrù rẹ náà ju tèmi lọ. Kò sì ṣòro, gbogbo èèyàn ló ní sùúrù jù mí lọ. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìmí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tan iná sí wa lára lórí ìtàgé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Onítẹ̀bọmi tó ń rántí àkókò ìrun mi jù mí lọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo sì tún ń bínú sí yín. Mo máa ṣàlàyé.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, níbi ìdánrawò, mò ń bá Ìrẹ̀mídé wí, oníjó wa tó ń ṣe ọmọbìnrin inú ijó báyìí. Ẹ mọ ibi tí ọmọkùnrin ti ń nawọ́, tí ọmọbìnrin á di ọwọ́ náà mú, tí gbogbo ara rẹ̀ á wá máa gbọ̀n láti èjìká dé orí ìka. Ibẹ̀ lẹ ti máa ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi Islamiyat ló kọ́kọ́ gbọ̀n bẹ́ẹ̀, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, tí òun àti Fàwáz, tó ń ṣe ọmọkùnrin náà, jọ ń jó. Mo rí i, mo ní, "Háà! Ẹ̀bùn Ọlọ́run rèé!" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi kọ́ gbogbo ọmọbìnrin tó bá dé. Mo wá ń pariwo mọ́ Ìrẹ̀mídé pé, "Kò tíì rí bíi ti Islamiyat! Gbọ̀n dáadáa!" Mi ò mọ̀ pé Islamiyat fúnra rẹ̀ ti wá mú mi lọ sílé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín tó dáa. Ó ní, "Màámi, ẹ̀rù ló ń bà mí nígbà yẹn o. Mo rò pé mo ti lóyún ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, oyún wo? Ó ní ṣebí èmi ni mo sọ fún òun, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù rẹ̀, pé bí ọkùnrin bá ti fọwọ́ kan òun báyìí, oyún dé. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ lóòótọ́. Mò ń ká aṣọ lọ́wọ́, mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Bí ìyá tèmi náà ṣe sọ ọ́ fún mi ní Ìsẹ́yìn nìyẹn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn tí èmi kan náà fa ọwọ́ ọmọ mi lé Fàwáz lọ́wọ́ lórí ìtàgé, mo ní kí wọ́n máa jó. Fàwáz, má sá jáde, kò sẹ́ni tó ń bá ọ wí. Ọmọ náà gbà mí gbọ́ ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń gbọ̀n, tí èmi ń pàtẹ́wọ́.

Ta ló gbà á sílẹ̀? Ògúnjìmí ni. Lọ́jọ́ pàṣípààrọ̀, ọwọ́ wọn ló bọ́ sí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n ṣàlàyé bí oyún ṣe ń dé àti ohun tí kì í fà á, wọ́n ní kó lọ sọ fún mi. Ó ní rárá. Wọ́n sì panu mọ́ fún ọdún mẹ́rìnlá. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo sáré lọ bá wọn ní Onírèké, mo ní, "Ẹ wá ń wò mí níran láti ọjọ́ yìí!" Ògúnjìmí ní, "Ìyá Islamiyat, ẹ̀yin lẹ ṣòfin. Ṣé orí ọmọ yín lẹ fẹ́ kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú òfin náà ni?" Mo bínú ní Ẹtì, mo dúpẹ́ ní Àbámẹ́tà, mo tún bínú ní Àìkú. Lónìí, mi ò mọ èwo ni mò ń ṣe.

Àwọn àgbà ní bí ẹnìkan bá ní òun ó dá ọ láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Gbogbo Ìbàdàn ni mò ń dá láṣọ! Èmi ni mo kọ́ ìyá inú ijó yẹn láti kẹ̀yìn sí ọmọ. Mo rò pé ìyá àwọn ẹlòmíràn ni mò ń bú. Èyí tó sì dùn mí jù ni ohun tí Islamiyat sọ nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń lọ sílé: "Látìgbà yẹn, Màámi, mi ò bi yín ní nǹkan kan mọ́. Ṣé ẹ ṣàkíyèsí?" Èmi tí mo ti ń fi í yangàn fún gbogbo yín pé ọmọ mi kì í yọ mí lẹ́nu.

Adétóun ti bi mí bóyá kí òun yọ gbígbọ̀n náà kúrò, àbí kí òun fi í sílẹ̀. Bó bá yọ ọ́, kí ló kù nínú ijó? Bó bá fi í sílẹ̀, ṣé ẹ̀rù ọmọ mi la ó máa fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Mo rò ó títí, orí mi kàn ń dàrú sí i ni. Mo bi Islamiyat, ó ní, "Ijó lè dúró. Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn."

Islamiyat, mo rí ọ lẹ́bàá fèrèsé. Ìyá mi ò bẹ̀ mí rí, nítorí náà mi ò mọ bí ìyá ṣe ń bẹ ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọ lọ́jọ́ náà, irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mò ń sọ ọ́. Ojú ló ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí, mo wá kó méjèèjì fún ọ. Má bínú, ọmọ mi. Ohunkóhun tó o ti fẹ́ bi mí láti ọdún mẹ́rìnlá, bi mí. Èyí tí mi ò bá mọ̀, màá sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin òbí, Ọlọ́run á fún wa lẹ́nu tí a ó fi bá ọmọ wa sọ̀rọ̀, á sì fún wa létí tí a ó fi gbọ́ èsì. A ò ní fi irọ́ tọ́ ọmọ. Ilé wa ò ní di ibi tí ọmọ ti ń dákẹ́. Adétóun, iṣẹ́ yìí á rọrùn fún ọ. Ògúnjìmí, ẹni tí yóò ran ọmọ tiyín lọ́wọ́ lẹ́yìn yín ò ní wọ́n. Kálukú wa á délé láyọ̀.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé gan-an. Alága, ẹ jọ̀ọ́, mi ò padà sórí àga iwájú yìí mọ́. Islamiyat, sún díẹ̀ fún mi.