Pílásítà Tó Wà Lẹ́yìn Bàbá Télọ̀

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ yéé sọ pé kí n sinmi. Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí máa tó mi. Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Irọ́ mi ti rìn fún ọdún mọ́kànlá, òtítọ́ ti bá a lónìí.

Ẹ mọ̀ pé wọ́ọ̀dù àwọn àgbà ni mo ti ṣe nọ́ọ̀sì. Bàbá Télọ̀ wà níbẹ̀, jẹjẹrẹ ti wọ̀ ọ́ dé egungun. Aláwàdà ni. Tí mo bá ń yí i padà, á ní, “Rọra o, nọ́ọ̀sì, aṣọ yìí ti gbó, má fà á ya.” Pílásítà oògùn ìrora kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń wọ ara díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí kò ràn án mọ́, dókítà ní ká pààrọ̀ rẹ̀ sí oògùn olómi tí wọ́n ń fi ṣíbí mu. Ó kìlọ̀ fún mi: “Màámi, ẹ kọ́kọ́ yọ pílásítà o, kẹ́ ẹ dúró wákàtí méjìlá. Ara àgbà ò gba méjèèjì pọ̀.”

Èmi tí mo ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò kọ́ mi? Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ti yọ pílásítà náà, mo ní tí mo bá ń wẹ bàbá ni màá yọ ọ́. Mi ò wẹ̀ ẹ́. Ìgbéraga burúkú!

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé oògùn olómi náà àti ṣíbí lé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, tíṣà ni. Ó fún bàbá rẹ̀ ní ṣíbí kan bí mo ṣe wí. Kò pẹ́ ló ní, “Màámi, oorun bàbá mi yìí pọ̀ jù o.” Mo ní, “Jẹ́ kó sùn jàre.”

Nígbà tí mo padà dé, ètè bàbá ti dúdú. Mo yí i. Pílásítà ṣì lẹ̀ típẹ́. Yéè! Ó ṣì ń mí, ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó ṣì ń mí. Abẹ́rẹ́ tó lè dá a padà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kàkà kí n pe dókítà, mo ní kí ọmọ rẹ̀ lọ bu omi wá. Mo ṣí pílásítà, mo nu ojú ibẹ̀, mo tì í bọ àpò. Lẹ́yìn náà ni mo tó pariwo. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọmọ náà dì mí mú. “Ṣé ṣíbí mi ló kún jù?”

Mo wò ó lójú. Mo ní, “Bóyá ó kún díẹ̀.”

Ìkà ni mí. Wọ́n ní títí dòní, tíṣà náà kì í fọwọ́ ara rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lóògùn. Ọkọ rẹ̀ ló ń fún un.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì kékeré tẹ́ ẹ ń tọ́jú mi níbí, ẹ máa yí aláìsàn wo lẹ́yìn kẹ́ ẹ tó kọ̀wé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi wá tíṣà yẹn lónìí. Tí kò bá fẹ́ dárí jì mí, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà sọ fún un pé òun kọ́ ló pa bàbá rẹ̀, èmi ni.