Aró Tí Mo Dà Sódò Bàbá Gbádéyan

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Òkè Baálẹ̀, ẹ mọ̀ pé èmi Mùyídéènì ọmọ Àpìkẹ́ aláró, bí mo bá ní mo rí eku kan, ẹ máa kọ́kọ́ yọ ìrù rẹ̀ kúrò, ẹ ó yọ etí rẹ̀ kúrò, kí ẹ tó gba ìyókù gbọ́. Èmi ni mo sọ fún yín pé ẹja kan gbé mi láti Òṣogbo dé Ẹdẹ, tí ó sì bi mí pé ibo ni mo ti fẹ́ sọ̀. Èmi náà ni mo wé láwàní fún òbúkọ ìyá Sikirat, tí mo so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí àlejò mẹ́ta sì kí i ní sàlámù. Ṣùgbọ́n dókítà ti tẹ ẹ̀gbẹ́ mi wò. Ó ní ẹ̀dọ̀ mi ti le, mo sì bi í pé ṣé n óò jẹ iṣu tuntun ọdún yìí, ó yíjú sí ògiri. Ẹni tí dókítà bá yíjú sí ògiri fún kò ní àyè àsọdùn mọ́. Ohun tí mo ti gbé mì láti ọdún márùn-ún ni mo fẹ́ pọ̀ síta yìí. Ọwọ́ mi ló pa Olúdayọ̀ ọmọ Gbádéyan ní Iléṣà. Ẹnu mi ló ba ayé Amos jẹ́. Ẹ má yọ ìrù kankan kúrò nínú èyí.

Ọdún kejì tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni. Iléṣà ni mo wà, mò ń tọ́jú ọgbà òdòdó fún Bàbá Gbádéyan tó ń ta aṣọ káàkiri títí dé Kánò. Bàbá yìí lọ sí òkè òkun lẹ́ẹ̀kan, ó rí odò tí àwọn òyìnbó gbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó dé, ó gbẹ́ tirẹ̀. Suwímíìnì púùlù ni àwọn tó kàwé ń pè é. Àwa ará ilé ní odò Bàbá Gbádéyan. Odò náà dára! Táìsì funfun ni wọ́n fi tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ bá já sí i, o ó rí ihò abẹ́rẹ́ náà láti òkè. Ní ìhà ilé, kò ju ìbàdí lọ; ní ìhà ọgbà, bí àgbàlagbà mẹ́wàá bá gun èjìká ara wọn, omi á bò wọ́n. (Ẹ ò rí i? Mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni méjì ni.) Ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn ló ń rán ènìyàn wá tọ́jú rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Amos ni wọ́n ń rán, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ènìyàn jẹ́jẹ́ tó ń bá omi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Yóò bu omi sí ìgò kékeré, yóò kán nǹkan sí i, yóò gbé e sókè wo oòrùn. Yóò wọn ìyẹ̀fun funfun kan tó ń rùn bí ilé ìwòsàn, kílórìnì ni wọ́n ń pè é, yóò dà á sí i. Yóò tan ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, yóò sì fi àwọ̀n tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá gígùn kó ewé kúrò. Èmi á jókòó sábẹ́ máńgòrò, n ó máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. “Amos, dókítà omi! Ṣé ibà ni, àbí jẹ̀díjẹ̀dí?” Òun á rẹ́rìn-ín. “Bí jẹ̀díjẹ̀dí bá mú un, Mùyí, ìwọ tó o jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lo máa kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀.”

Ìlara ló mú mi. Kò lórúkọ mìíràn. Gbogbo àlejò tó bá wọlé, omi Amos ni wọ́n ń yìn, kò sẹ́ni tó wo òdòdó mi. Ni mo bá tọ Bàbá lọ. Mo ní, “Bàbá, ẹ dákun, omi la fi ń fọ nǹkan. Ta ló wá ń fọ omi? Ẹ wáá ránṣẹ́ dé Ìbàdàn kí wọ́n máa wá wẹ omi fún yín bí ọmọ tuntun!” Bàbá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo rí i pé ó ti gbé ìdẹ mi mì, mo fa okùn: “Etí odò Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí. Kí n tó hu eyín ni mo ti ń gbá ìsàlẹ̀ odò. Ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ ni Amos ń rí omi yín. Èmi ń bẹ níbí lójoojúmọ́.” Màmá Fẹ̀hìntọlá, ìyàwó Bàbá, ní, “Bàbá Dayọ̀, iṣẹ́ oníṣẹ́ ni o. Ẹ jẹ́ kẹ́ni tó mọ̀ ọ́n máa ṣe é.” Bàbá ní, “Kí ló wà nínú omi lásán tí Mùyí ò ní lè ṣe? Ilé wa, odò wa. Àwa fúnra wa la ó máa tọ́jú ẹ̀.” Bí wọ́n ṣe dá Amos dúró nìyẹn. Kò bínú. Ó wo odò náà, ó ní, “Bàbá, ẹ má fomi yìí ṣeré o. Bẹ́ ẹ bá pa á tì, á bá yín jà.” Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tó fi gbà wá níyànjú yìí ni mo padà fi ṣe okùn sí i lọ́rùn.

Lọ́sẹ̀ kìíní, mo tan ẹ̀rọ náà láìjẹ́ pé omi wà nínú rẹ̀. Ó gbin bí ẹlẹ́dẹ̀, ó rú èéfín, ó kú. Mo fi àpò bò ó. Bàbá àti Màmá ti lọ sí Èkó nígbà náà, wọ́n lọ dúró de Olúdayọ̀ ọmọ wọn tó ń kàwé ní òkè òkun láti ọdún mẹ́rin, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan. Lọ́sẹ̀ kejì omi di àwọ̀ ewé. Lọ́sẹ̀ kẹta, ọ̀pọ̀lọ́ inú rẹ̀ ti pọ̀ tó láti yan ọba àti ìjòyè. Mo ń dá rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí iṣẹ́ dé láti Èkó ní Ọjọ́bọ̀ kan pé Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń kó bọ̀ pẹ̀lú àlejò, kí n rí i pé odò ń dán, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ọjọ́bọ̀ náà gan-an ni Amos yà wá mú àwọ̀n rẹ̀ tó gbàgbé. Ó rí omi. Mo ń retí kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bí èmi náà ì bá ti ṣe fún un. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọn kílórìnì tó kù nínú yàrá irinṣẹ́ sínú bákẹ́ẹ̀tì kan, ó fa ìwé yọ, ó kọ nǹkan sí i, ó ká a, ó fi lé mi lọ́wọ́. “Mùyí, ka èyí kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.” Èmi tí mo dúró ní ìwé kẹrin, mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni akọ̀wé ilé iṣẹ́ Ìbàdàn máa kọ. N kò fẹ́ kó rí i pé n kò lè kà á. Mo ní, “O ṣé, dókítà,” ó lọ, mo sì fi ìwé náà ti ẹsẹ̀ tábìlì mi tó ń mì.

Ọ̀nà tèmi ti wá sí mi lórí. Kí ni àwọn àlejò ń yìn? Pé omi rí bí ojú ọ̀run. Èmi ọmọ aláró, ṣé àwọ̀ ojú ọ̀run ló máa ṣòro fún mi? Ní àárọ̀ Jímọ̀ mo gba Òṣogbo lọ. Mo bá ìyá mi nídìí ìkòkò aró, mo ní kó fún mi ní aró òyìnbó, agolo mẹ́fà. Ó wò mí. “Agolo mẹ́fà? Aṣọ wo lo fẹ́ rẹ, Mùyí?” “Aṣọ ńlá kan ni, ìyá mi. Ó fẹ̀ ju ilé yìí lọ.” “Ṣé ó máa gbẹ?” “Á gbẹ.” Mo padà sí Iléṣà, mo kó ọ̀pọ̀lọ́, mo fi ọ̀pá ro aró pọ̀ mọ́ omi títí ìrọ̀lẹ́. Wàláhì, ó jọ ojú lójú! Búlúù tó jinlẹ̀, tó tutù, bí àdìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: ènìyàn kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìhà tó jìn àti ìhà tí kò jìn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo rí i bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ta ló ń wo ìsàlẹ̀?

Ọ̀sán Àbámẹ́ta ni wọ́n dé. Bàbá na ọwọ́ sí odò, ó sọ fún àwọn àlejò pé, “Ẹ wò ó! Mùyí mi ló ń tọ́jú ẹ̀. N ò ránṣẹ́ sẹ́nì kankan.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Orí mi wú, ó tó ilé alájà méjì. Olúdayọ̀ ti bọ́ aṣọ, ó ku ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì funfun lára rẹ̀, ọmọkùnrin gíga tó ń rẹ́rìn-ín. Ìhà ilé ló dúró sí. Kò tíì rí odò náà rí láyé. Ó bi mí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbọ́, èmi ló bi: “Bọ̀dá Mùyí, ibo ló jìn níbẹ̀?” Bí mo bá ti ní “Ìhà ọgbà ni,” ó parí. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ń dún létí mi. Mo ní, “Gbogbo ẹ̀ ló jìn, ọ̀gá kékeré! Bẹ́ ẹ bá bẹ́ sí i, Iléṣà lẹ ó ti wọlé, Èkó lẹ ó ti jáde!” Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó na apá méjèèjì, ó fi orí sọ̀ kalẹ̀.

Omi pa dé. A dúró. Àlejò kan ní, “Wọ́n kọ́ ọ dáadáa lọ́hùn-ún, ẹ wo bó ṣe ń pẹ́.” Bí omi bá mọ́ ni, à bá ti rí i níwájú wa, nínú omi tí kò ju ìbàdí lọ. Búlúù là ń wò. Èmi ti mọ̀. N kò bẹ́ sí i. Bàbá ló kọ́kọ́ kígbe, ó fò sínú odò pẹ̀lú agbádá, ó ń fọwọ́ táràrà bí afọ́jú, ó tó ìgbà mélòó kan kó tó bá ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ọrùn rẹ̀ ń yí síbi tí ọrùn kì í yí sí. Agbádá Bàbá ti di búlúù. Màmá Fẹ̀hìntọlá gbé ọmọ rẹ̀ sórí itan, ó wo síńgílẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ pa á, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbójú sókè sí mi. “Mùyí, kí ló sọ aṣọ ọmọ mi di báyìí?” Ẹ̀yin ènìyàn, irọ́ gígùn ni mo fi ń ṣayé, irọ́ tó ní apá àti ìyẹ́. Èyí tí mo pa lọ́jọ́ yẹn ló kúrú jù lọ, òun ló sì rìn jìnnà jù. Mo ní, “Oògùn tí Amos dà sí i ni.”

Kò tún ku nǹkan kan. Bàbá rántí pé Amos ní omi á bá wọn jà. Ìránṣẹ́ ilé rántí pé ó wá ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n mú un ní Ìbàdàn, wọ́n gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá ní Iléṣà, ojú rẹ̀ kan ti wú dí. Wọ́n gbé Kùránì síwájú mi. Mo ti fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́, mo fi ọṣẹ fọ ọ́, mo fi iyanrìn ha á, aró kò kúrò. Ọwọ́ búlúù yẹn ni mo gbé lé ìwé Ọlọ́run, mo sì ní ojú mi ló ṣe. Amos kígbe. “Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ ṣáà wo ọwọ́ ẹ̀!” Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. “Ọmọ aláró Òṣogbo ni. Ṣé ọwọ́ ẹ̀ á wá funfun ni?” Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Àsitáfúrúlà. Mo rẹ́rìn-ín.

Oṣù mọ́kànlá ni Amos fi wà ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ láìsí àlàyé. Ojú tó wú yẹn kò ríran mọ́. Kò sí ilé iṣẹ́ tó gbà á. Bàbá Gbádéyan fi erùpẹ̀ dí odò rẹ̀, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Ìyá mi gbọ́ ìtàn omi búlúù náà bí gbogbo ayé ṣe gbọ́ ọ. Kò bi mí léèrè agolo mẹ́fà. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, bí mo bá ti wọlé tí mo dọ̀bálẹ̀, kó tó kí mi káàbọ̀, á ní, “Mùyí, ṣé aṣọ yẹn ti gbẹ?”

Lóṣù tó kọjá mo wọ mọ́tò lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Mo bá Amos lẹ́yìnkùlé, ó ń pa ẹ̀kùrọ́. Mo kúnlẹ̀ nínú èèpo ẹ̀kùrọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò dá òkúta ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, “Mo ti mọ̀. Mo rí ọwọ́ ẹ. Nǹkan kan ṣoṣo ni n ò mọ̀, tí mo fi ń ronú láti ọjọ́ yìí. Ìwé tí mo fún ẹ. O kà á tán, o ò sì ṣe é. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀?” Mo ní, “N ò kà á, Amos. Mo rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni.” Ìgbà náà ló gbé òkúta sílẹ̀. Ó ní, “Yorùbá ni mo kọ ọ́, Mùyí. Mo ti mọ̀ pé o ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí tìẹ ni mo ṣe kọ ọ́ ní Yorùbá.” Ìlà mẹ́ta ló ní ó wà níbẹ̀, ó kà wọ́n fún mi láti inú orí rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. Ó ní, “Lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Yorùbá. Bí gbogbo èèyàn bá ti kà á, kó o padà wá bi mí.”

Mo ti kọ ọ́ nìyí, Amos. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀ mi á jẹ́ kí n padà wá bi ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń kọjá lọ sí Iléṣà, ẹ ka èyí fún Bàbá Gbádéyan àti Màmá Fẹ̀hìntọlá, kí wọ́n mọ ẹni tí wọn ó gbé ṣépè. Ẹ kà á sókè ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, kí wọ́n má bàa pe aláìṣẹ̀ ní apànìyàn mọ́. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ máa ń pé lé mi lórí láti gbọ́ irọ́ mi, n kò ní ogún kankan láti fi sílẹ̀ fún yín ju ìwé tó ti ẹsẹ̀ tábìlì lọ. Ìlà kìíní ní kí n da kílórìnì inú bákẹ́ẹ̀tì sí omi náà ní ìrọ̀lẹ́. Ìkejì ní kí n fi ọjọ́ mẹ́ta dúró. Ìkẹta rèé: Bí o kò bá rí ìsàlẹ̀ omi, má jẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni bẹ́ sí i.