Ìkòkò Tí Àwẹ̀ró Dojú Rẹ̀ Délẹ̀

Ní ayé àtijọ́, kí ojúlé ìlú wa yìí tó pọ̀ tó báyìí, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi, torí ìyá ńlá yín ni mò ń sọ. Amọ̀kòkò ni. Bó bá ń po amọ̀, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ń lọ sódò, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ahoro kan wà lẹ́yìn ìlú, ibi táwọn èèyàn wa ń gbé kí ogun tó lé wọn. Ilé ti wó, igbó ti bo gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyá Àwẹ̀ró sí, nínú yàrá, bí wọ́n ṣe ń sin òkú nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni Àwẹ̀ró nígbà tí wọ́n sá. Yàrá wo? Kò mọ̀. Àwọn tó mọ̀ ti kú tán.

Ni Baálẹ̀ Adégòròyè bá ní òun fẹ́ sọ ahoro náà di ọgbà ìgbafẹ́: kí wọ́n gbin igi, kí wọ́n gbẹ́ adágún omi, káwọn ọmọdé rí ibi ṣeré. Ó ránṣẹ́ pe Àwẹ̀ró.

"Àwẹ̀ró, ìwọ lo mọ àpáàdì. Lọ yẹ ibẹ̀ wò kí ọkọ́ tó kàn án. Ibi tí ohun àwọn ará ijọ́un bá wà, fi àmì sí i. Ibi tó bá ṣófo la ó gbẹ́."

"Mo gbọ́, Baba." Ó kúnlẹ̀.

Ó lọ. Ó ń fi ọwọ́ họ ilẹ̀. Ó rí àpáàdì tí wọ́n tò sínú ilẹ̀, tó sún mọ́ra bí ìpẹ́ ẹja. Ó rí ààrò, ó rí ìpìlẹ̀ ògiri. Ibi tó bá ti rí nǹkan, á dojú àkúfọ́ ìkòkò délẹ̀ níbẹ̀. Bó ti ń lọ ló ń bi ara rẹ̀: "Ṣé yàrá nìyí àbí àgbàlá? Ṣé ibí ni Ìyá wà?"

Ẹ wá gbọ́ ohun táwọn ará wa ṣe! Wọ́n rí ìkòkò tó dojú délẹ̀, wọ́n rò pé ojúbọ ni. Ẹnìkan da epo lé e lórí. Àwọn mìíràn ní ti Àwẹ̀ró nìkan kọ́, àwọn náà ní òkú níbẹ̀. Wọ́n gbé àkúfọ́ ìkòkò tiwọn wá, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ síbi tó wù wọ́n. Kò pẹ́, ìkòkò kún ahoro bí ẹni pé wọ́n pàtẹ ọjà.

Àwẹ̀ró padà débẹ̀, kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì mọ́. "Ṣé èmi ni mo gbé èyí síbí, àbí èmi kọ́?" Ó ṣí ọ̀kan, ó dé e padà. Ó ṣí òmíràn, aláǹgbá fò jáde, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bú sẹ́kún.

Ìyálé rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ṣebí ìyá kan lò ń wá? O ti wá rí ìyá gbogbo ìlú! Tọ́ka síbì kan ṣáá. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyálé mi, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

Nígbà tí Baálẹ̀ dé pẹ̀lú àwọn tó gbé ọkọ́, ó lanu sílẹ̀. "Àwẹ̀ró! Èwo ni tìrẹ nínú gbogbo èyí?"

"N ò mọ̀ mọ́, Baba."

"Ó dáa, tọ́ka sí èyí tó dá ọ lójú. A ó fi ìyẹn sílẹ̀."

Àwẹ̀ró na ọwọ́ síbi tí àpáàdì ti rẹwà jù. Ó ká ọwọ́ náà kò.

"Baba, ẹ má bínú. Bí mo bá tọ́ka síbì kan, ẹ ó gbẹ́ ibi tó kù. Ìyá mi lè wà níbi tó kù. N ò mọ̀, Baba. Nítorí pé n ò mọ̀, ẹ má gbẹ́ ibì kankan."

Baálẹ̀ wo ọkọ́, ó wo ìkòkò. Ó ní kí wọ́n gbé ọkọ́ padà sílé. Inú ìkòkò ńláńlá tí Àwẹ̀ró mọ ni wọ́n gbin òdòdó sí, wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdé ń sáré lórí àpáàdì láìwọ bàtà. Àwẹ̀ró sọ ọmọ tirẹ̀ náà kalẹ̀, ibẹ̀ lọmọ náà ti kọ́kọ́ rìn. Títí Àwẹ̀ró fi darúgbó, tó fi kú, kò mọ̀ bóyá orí ìyá òun lọmọ ń tẹ̀.

Ìdí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, tí ọmọ wa kì í fi í kọ́ ìrìn nínú ilé. Ahoro la ń gbé e lọ. Ibi tó bá ti gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, níbẹ̀ la ó ti sọ pé: "Ìyá, bó bá jẹ́ ibí lẹ wà, ọmọ yín dé o."

Ta ló ṣì wọ bàtà lẹ́yìn yẹn, lórí ahoro tá a jókòó sí yìí? Bọ́ ọ, ọmọ mi. Àwa náà ò mọ̀.