Àtẹ̀gùn Keje, Kì Í Ṣe Atẹ́gùn

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, torí ẹlòmíràn kò lè sọ ọ́ bó ṣe rí. Zafiris ni orúkọ mi. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń fi mọ́tò mi gbé àwọn àlejò káàkiri àwọn ọgbà àjàrà erékùṣù Santorini, kí wọ́n tọ́ wáìnì wò, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú inú dídùn. Gbogbo abúlé wa ló mọ̀ pé Lukas, ọ̀rẹ́ mi tí mo jẹ́ bàbá ìsàmì fún ọmọ rẹ̀, mutí yó ní ọ̀sán gangan, ó wọ ihò wáìnì lọ, ó sì kú síbẹ̀. Irọ́ ni. Èmi ni mo bí irọ́ náà, èmi ni mo wọ̀ ọ́ láṣọ, èmi náà ni mo sì ń bọ́ ọ láti ọdún mẹ́rin yìí wá.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni wọ́n hú egungun Lukas. Ilẹ̀ ìsìnkú wa kéré, nítorí náà bí òkú bá ti lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a ó hú egungun rẹ̀, a ó fi wáìnì fọ̀ ọ́, a ó sì tò ó sínú àpótí kékeré fún ilé egungun. Mo wà níbẹ̀, mo wọ aṣọ dúdú, mo sì fa ojú ro bí ọ̀rẹ́ gidi. Ìyá àgbà tó ń fọ egungun ti bu wáìnì sínú abọ́ nígbà tí Anezina, ìyàwó Lukas, na ọwọ́ síwájú. Ó ní, "Ẹ gbé wáìnì yẹn kúrò níbẹ̀, Mama. Omi ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Ó ti mu tiẹ̀ yó kó tó lọ." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Kali, ọmọ wọn, ọmọ ìsàmì mi, tẹ orí ba. Mo mọ̀ pé bí omi bá kan egungun yẹn, mo ti pa Lukas lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí ọjọ́ náà. Òpin oṣù Ògọ́ọ̀sì ni. Tọkọtaya kan láti Norway, Torvald àti Sunniva, ni mo gbé. Àwọn nìkan ni mo gbé lọ́jọ́ náà. Ọgbà méjì la ti yà kí a tó dé ti Lukas. Ní ọgbà kọ̀ọ̀kan, mo fi àwọn àjàrà hàn wọ́n, bí a ṣe ń hun ẹ̀ka wọn mọ́lẹ̀ bí agbọ̀n kí atẹ́gùn má baà já èso wọn dànù. Atẹ́gùn ni ọ̀gá ní erékùṣù wa. Nínú oṣù yẹn, kì í sinmi. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń gbé aṣọ lọ lórí okùn, ó sì ń pa gbogbo iná tó bá rí. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, atẹ́gùn la máa ń dá lẹ́bi. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọgbà kọ̀ọ̀kan náà, wọ́n bu wáìnì fún mi. Ó yẹ kí n tu ú dànù, torí èmi ni awakọ̀. Mo gbé e mì. Háà, èmi Zafiris, mo gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Nígbà tí a dé ilé Lukas, Anezina ń dín àkàrà tòmátò lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́. Ó wò mí lójú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Zafiris, ojú ẹ pọ́n o! Ṣé ìwọ lo ń gbé àlejò kiri ni, àbí àlejò ló ń gbé ẹ?"

"Oòrùn ló pa mí, ìyàwó wa."

"Oòrùn inú ìgò!" Lukas ló dáhùn láti ìdí iná, níbi tó ti ń sun ikàn funfun erékùṣù wa, tó ń da òróró lé e lórí. "Ẹ jókòó, ẹ jẹun. Má dá a lóhùn, Anezina. Kò sí ọjọ́ tí kò wá, kò sì sí ọjọ́ tí ebi kì í pa á."

A jókòó. A jẹ ẹ̀wà lílọ̀, a jẹ wàràkàṣì, a jẹ àkàrà tòmátò náà. Lukas ṣí ìgò kan, ó bu fún wọn, ó bu díẹ̀ fún ara rẹ̀, ó fi fọ ẹnu, ó sì tu ú sórí eérú dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Torvald bi í léèrè ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sì ń túmọ̀. Lukas rẹ́rìn-ín. "Sọ fún un pé mo ti mu ìpín tèmi láyé. Ìyá Jésù ló ń bá mi tọ́jú èyí tó kù." Òótọ́ ni. Lukas ti jẹ́ ọ̀mùtí rí, débi pé Anezina kó ẹrù rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì. Níwájú àwòrán mímọ́ Ìyá Jésù ló ti búra pé wáìnì kò ní gba ọ̀nà ọ̀fun òun kọjá mọ́. Ọdún kẹrin nìyẹn, kò sì yẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣe wáìnì tí kì í mu ún! Ẹnu máa ń ya gbogbo wa.

Nígbà náà ni Anezina lọ mú búrẹ́dì wá ní ilé ààrò tó wà lójú ọ̀nà. Sunniva wo aago ọwọ́ rẹ̀, torí wọ́n fẹ́ dé ìlú Oia kí oòrùn tó wọ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fọ́nnu fún wọn pé wọn ò ní kúrò lọ́dọ̀ Lukas láì tọ́ Fínsántò tó pẹ́ jù wò, wáìnì dídùn tí a fi àjàrà sísá ṣe, tó wà nínú àgbá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo ní, "Lukas, jọ̀ọ́, sáré bu díẹ̀ wá fún wọn."

"Omi àjàrà tuntun ń hó nísàlẹ̀," ó ní. "Bá mi fi àbẹ́là wò ó. Òróró ló kún ọwọ́ mi."

Ihò wáìnì Lukas jìn. Bàbá bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ sínú eérú líle tí òkè iná pọ̀ jáde láyé àtijọ́. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ilẹ̀kùn méjì, àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ló sì wọ inú rẹ̀ lọ. Bí omi àjàrà bá ń hó nínú àgbá, ó ń mí, èémí rẹ̀ kò sì láwọ̀. Ó wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń sùn sí, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀ kò ní dìde. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ti àbẹ́là síwájú. A máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú agolo sàdíìnì, a ó so agolo mọ́ orí irin gígùn, a ó sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ wa. Bó bá jó dé ìdí àgbá, wọlé. Bó bá kú, padà, kí o ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì kalẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ọmọ ọdún márùn-ún ní abúlé wa mọ̀ ọ́n.

Mo sọ̀kalẹ̀. Ní àtẹ̀gùn keje, àbẹ́là kú. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé mi ò ti ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé gbùrùgbùrù. Mo ní, "Atẹ́gùn ni." Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló mọ, bóyá mo lè dárí ji ara mi. Ṣùgbọ́n mo gòkè, mo ti ilẹ̀kùn, mo tún àbẹ́là tàn, mo tún sọ̀kalẹ̀. Ní àtẹ̀gùn keje kan náà, ó kú. Mo wo èéfín rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àlàfo ilẹ̀kùn wọlé. Ó dìde nàró, kò tẹ̀ sọ́tùn-ún, kò tẹ̀ sósì. Kò sí atẹ́gùn kankan níbẹ̀. Mo rí i. Mo mọ̀. Ọtí wà lójú mi, ìyẹn kò ní kí n má mọ̀. Mo kàn rò ó pé bí mo bá sọ fún àwọn àlejò pé kò ṣeé ṣe, ojú á tì mí, gbogbo ìfọ́nnu mi á di asán. Mo jáde.

Lukas ń nu ọwọ́. "Ó jó?"

"Ó jó."

"Dé ìdí àgbá?"

"Dé ìdí àgbá."

Ó gbé ìkòkò, ó tan iná fóònù rẹ̀, ó sì wọlé. Kò tún un wò. Kí ló fẹ́ tún wò, nígbà tó jẹ́ pé bàbá ìsàmì ọmọ rẹ̀ ló ní ó jó? Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: "Zafiris! Èyí tó pẹ́ jù ni wọ́n fẹ́, àbí ìwọ lo fẹ́ ẹ?" Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí ìkòkò fọ́. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Mo pè é, mo pè é. Mo ní kí Torvald àti Sunniva sáré lọ pe àwọn ará ilé kejì. Mo ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì gbayawu, atẹ́gùn sì rọ́ wọlé. Mo sé èémí, mo sáré wọlé, mo gbá a mú lápá, mo wọ́ ọ gòkè dé ẹnu ọ̀nà. Fóònù rẹ̀ ṣì ń tàn nísàlẹ̀. Iná fóònù kì í mí, kò mọ̀ bóyá ibi tí òun wà ṣeé gbé. Ojú Lukas là sílẹ̀. Mo pè é, kò dáhùn. Ó yẹ kí n tẹ̀ ẹ́ láyà. Ó yẹ kí n fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Wọ́n ti kọ́ wa, gbogbo àwa tó ń gbé àlejò ni wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yin èèyàn, èmi dìde. Mo fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀, mo rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sídìí tábìlì, mo mú ìgò wáìnì tí a ti ṣí, mo padà wá, mo sì dà á sí i lẹ́nu. Mo dà á sí irùngbọ̀n rẹ̀, mo dà á sí àyà ẹ̀wù rẹ̀. Wáìnì náà sàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó dà bíi pé ó húkọ́. Mi ò mọ̀. Títí di òní olónìí, mi ò mọ̀ bóyá ó húkọ́ àbí wáìnì ló ń dún lọ́fun rẹ̀. Ọwọ́ tí ǹ bá fi dá ẹ̀mí rẹ̀ padà ni mo fi gbé ìgò.

Nígbà tí àwọn èèyàn dé, irọ́ ti ṣetán lẹ́nu mi. Mo ní àbẹ́là kú, mo ní mo dá a dúró, mo ní ó tì mí ṣubú torí ó ti yó. Dókítà gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí. Ọlọ́pàá tó wá kò gbọ́ èdè àlejò, èmi ló sì ní kí n túmọ̀. Torvald ní, "Kò mu nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ ló ń tu dànù, ojú wa ló ṣe é." Mo yíjú sí ọlọ́pàá, mo sì sọ ọ́ ní èdè wa pé, "Ó ní gbogbo rẹ̀ ló ń mu, ojú wọn ló ṣe é." Torvald sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Anezina dé pẹ̀lú búrẹ́dì lábẹ́ apá. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ojú lé ojú ọkọ rẹ̀, ó sì gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Ẹkún tó ti dé ọ̀fun rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó dìde, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. "Ó parọ́ fún mi," ló sọ. "Ọdún mẹ́rin gbáko, ó ń parọ́ fún mi." Kò fi ẹnu kò ó lẹ́nu lọ́jọ́ ìsìnkú. Kò tan àbẹ́là sórí sàréè rẹ̀ rí. Ó yọ àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri, èmi ni mo sì bá a gbé àkàbà tó gùn. Kali dàgbà di ọmọ ọ̀mùtí lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọdún Àjíǹde ni mò ń ra bàtà tuntun fún un, bí àṣà bàbá ìsàmì, tó sì ń fẹnu ko ọwọ́ mi. Ọwọ́ yìí.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Sátidé, mo di ọwọ́ ìyá àgbà mú kó tó da omi. Mo ní, "Anezina, Lukas kò mu ún. Èmi ni mo dà á sí i lẹ́nu." Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, mi ò fi ìkankan pamọ́, títí kan ikọ́ yẹn. Àlùfáà ṣe àmì àgbélébùú. Kali sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìṣísẹ̀ kan, èkejì, títí ó fi kan ògiri.

Anezina kò gbá mi létí, kò sì ṣépè. Ó lọ mú abọ́ wáìnì tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n gbé kúrò, ó kúnlẹ̀, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ sórí itan, ó sì ń fi ọwọ́ bu wáìnì lé e díẹ̀díẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "O ò mu ún, Lukas. O ò mu ún. Èmi ni mi ò gbà ọ́ gbọ́." Ó fi ẹnu kò ó níwájú orí. Nígbà tó ṣe tán, ó fa àbẹ́là kan lé mi lọ́wọ́.

"Ọdún mẹ́rin ni mi ò tan iná fún un," ó ní. "Ìwọ ni wàá máa tàn án. Jókòó tì í títí yóò fi jó tán fúnra rẹ̀. Bó bá sì kú, Zafiris, o ò gbọdọ̀ sọ pé ó jó."

Mo ti lọ sọ fún ọlọ́pàá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, mo ń retí ohun tí ilé ẹjọ́ máa sọ. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ kó tó di ìgbà náà, iwájú ilé egungun ni mo wà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí àríwá, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kò sì jẹ́ kí n rímú mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bọ̀ wá gbé àlejò lẹ́yìn mi, ìtìjú kì í pani, bí àbẹ́là bá kú, ẹ sọ pé ó kú. Ìwọ Kali, bí o bá gbọ́ èyí, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, mi ò bínú. Ní àárọ̀ yìí, àbẹ́là náà kú ní ìgbà mọ́kànlá. Mo kà á.