Aṣọ Bàbá Mi Lábẹ́ Táyà

Nígbà tí gbogbo eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo ń dá àpò jéró gbé láìpe ẹnikẹ́ni… Sàfíù, ṣé fóònù yẹn ti ń gbà á sílẹ̀? Ó ń gbà á? Ó dáa. Jókòó, ọmọ ọmọ mi. Ìwọ tó ń lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ dírẹ́bà lọ́la, ìwọ gan-an lo ni ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, inú fóònù lẹ ti ń wá iṣẹ́ dírẹ́bà. Ẹ ó ya fọ́tò ìwé ìwakọ̀ yín, pẹ̀rìmí tí ẹ ń pè é, ẹ ó fi ránṣẹ́, ẹ ó máa retí. Láyé tiwa ńkọ́? Ẹsẹ̀ la fi ń wá a! Ẹ gbọ́, ẹsẹ̀! Ní Niamey yìí, mo rìn láti Kalley dé Banifandou, láti Banifandou dé Poudrière. Ibikíbi tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti ń sinmi, ẹ ó bá mi níbẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń wá dírẹ́bà?" "Ta ló máa dúró fún ẹ?" Ohun tí gbogbo wọn ń bi mí nìyẹn. Wọn ò bi mí bóyá mo mọ ọkọ̀ wà o! Ta ló máa dúró fún ẹ! Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá lọ́kọ̀ kan nígbà náà, gbogbo ilé ẹ̀ ló gbójú lé e. Kò lè gbé e fún ẹni tí kò ní onídùúró.

Bàbá mi sì wà níbẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé, ó ń ta aṣọ ní Kalley. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́… Ó ní: "Aṣọ ni bàbá mi tà. Aṣọ ni mò ń tà. Ta ló fi ọkọ̀ ṣépè fún ẹ? Mi ò dúró. Ọjọ́ tí o bá fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ gbá ògiri, aṣọ mi ni wọ́n máa wá kó." Ó parí nìyẹn. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ni mo bá pàdé Alájì kan tó ní lọ́rì ní Poudrière, ọmọ Zarma, Alájì Súmánà. Obì kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ó ní: "N ó dán ẹ wò láàárọ̀ ọ̀la. Bí o bá mọ ọkọ̀ wà, mú onídùúró wá kí oòrùn tó wọ̀. Bí kò bá sí, ẹlòmíì ti wà nílẹ̀." Hẹ̀n! Inú mi dùn! Mi ò ní onídùúró kankan, inú mi ṣáà ń dùn. Ọ̀dọ́!

Ilẹ̀ mọ́. Mo ti jáde kí bàbá mi tó dé láti ìrun Àsúbà. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: mi ò tíì kí i.

Lọ́rì náà kún fún àpò jéró. Alájì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wà á! Áà, Sàfíù, mo wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà! Mo yí i ní kọ̀rọ̀ tóóró, adìẹ ẹgbẹ́ ọ̀nà ò tiẹ̀ sá. Alájì ní "Màdálà!", ìyẹn ni pé mo ṣe dáadáa. Ó tún ní "Màdálà!" Orí mi wú. Mo ti ń rí ara mi ní Gaya, mo ti ń rí ara mi ní Kútọnu…

Bá a ṣe doríkọ odò, níbi tí títì ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀, ta ni mo rí? Bàbá mi! Ó dúró ti ọmọlanke lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ìdì àńkárá méjì wà nínú ẹ̀, ó ń kó wọn lọ sọ́jà.

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n jókòó sókè, kí bàbá tó bí mi dúró nílẹ̀, kí n máa wò ó kọjá? Láàárọ̀? Èmi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́? Mo tẹ bíréèkì. Mo pa ọkọ̀. Mo fò sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, bàbá mi. Ẹ jí ire bí?"

Bíréèkì ọwọ́ ńkọ́? Mi ò fà á. Ẹ gbà mí o!

Àyà mi ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ táyà lórí òkúta… kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Mo tún gbọ́ ohùn Alájì: "Kai! Kai! Kai!" Lọ́rì ń lọ, òun nìkan ló wà nínú ẹ̀! Kò sì mọ ọkọ̀ wà, ó kàn ni ín ni.

Bàbá mi pariwo: "Dìde, ìwọ òmùgọ̀ yìí!" Ó fa ìdì aṣọ kan yọ, ó jù ú sábẹ́ táyà iwájú. Ó fa ìkejì, ó jù ú tẹ̀ lé e. Àńkárá tuntun! Èyí tí bàbá mi kì í jẹ́ ká fi ọwọ́ tó dọ̀tí kàn! Táyà gun ti àkọ́kọ́, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ó kan ìkejì, ó rọra falẹ̀… Èmi náà ti fò wọlé, mo fa bíréèkì ọwọ́ bí ẹni fẹ́ fà á tu. Ó dúró. Alihamudulilai!

Alájì sọ̀ kalẹ̀, fìlà ti bọ́. "Mi ò ní iṣẹ́ fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ báyìí! Kí ló lé ẹ sílẹ̀?" Mo ní: "Bàbá mi nìyí. Mi ò tíì kí wọn láàárọ̀."

Alájì wo bàbá mi. Ó wo aṣọ. "Bàbá, ẹ ti ba ọjà yín jẹ́." Bàbá mi gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara agbádá ẹ̀, ó fi Haúsá dá a lóhùn: "Alájì, ọmọ yìí ní ẹ ń wá onídùúró." Alájì ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi ní: "Ẹ wo abẹ́ táyà yín."

Sàfíù! Títí dòní, mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ń sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Bàbá tó ní òun ò dúró!

Alájì rẹ́rìn-ín títí obì fi bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó ní: "Ọmọ tó bọ̀wọ̀ fún bàbá ẹ̀ tó báyìí, kò ní jí jéró mi tà lọ́nà. Kó wá gba kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n tó bá tún sọ̀ kalẹ̀ láìfa bíréèkì ọwọ́, òun gan-an ni n ó jù sábẹ́ táyà!"

Ìyá mi fọ àńkárá yẹn títí, àmì táyà ò lọ. Iléyá ọdún náà, òun ni gbogbo ilé wa wọ̀. Bàbá mi ń fi yangàn káàkiri Kalley: "Ọkọ̀ ọmọ mi ló gùn ún!"

Ayé ti yí o. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ò dọ̀bálẹ̀ mọ́. "Pàpí, sáfà?" ni wọ́n á ní, ìyẹn "Bàbá, ṣé dáadáa ni?" ní Faransé, wọ́n á sì ti kọjá lọ. Ó ń dùn mí, mi ò ní purọ́. Ìwọ ṣì ń dọ̀bálẹ̀, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ìwé onídùúró tó o gbé wá, mo ti buwọ́ lù ú. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, lọ mú un. Ṣùgbọ́n gbọ́… Lọ́la, n ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ta ló lè jókòó sílé? Bí o bá rí mi, má dúró. Má sọ̀ kalẹ̀. Mi ò ní aṣọ tí n ó jù sábẹ́ táyà! Fọn fèrè sí mi, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo ti gbà pé o dọ̀bálẹ̀.