Ọwọ́ Mi Ló Tẹ Ọ́dà Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Náà

Jeltje, ọmọ Sybren, ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. O jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi níbí, ò ń bó ọsàn fún mi, o wá ní o ti sọ fún Rutger ọkọ rẹ pé kó gbàgbé ọ̀rọ̀ ọmọ. O ní bàbá bàbá rẹ kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ kó tó pé ẹni ọgọ́ta ọdún, pé bàbá rẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan ní méjìdínlọ́gọ́ta, pé o ò ní í bí ọmọ tí yóò máa wò ọ́ bí o ṣe ń gbàgbé orúkọ rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ mú, mo ní pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Nígbà tí o lọ tán, mo sunkún débi pé nọ́ọ̀sì rò pé ìrora ló pọ̀ sí i, ó fún mi lóògùn.

Dókítà ti sọ fún mi pé mi ò ní í rí ìgbà òtútù tó ń bọ̀. Jẹ́ kí n yára sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó tún mú mi. Orí bàbá rẹ pé. Ó pé títí ó fi kú. Kò fi ọjọ́ kan ṣàìsàn ìgbàgbé. Èmi Ietje Boonacker, tí ò ń pè ní Àǹtí láti kékeré, èmi ni mo sọ fún un pé ó ń gbàgbé nǹkan, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa bí mo ṣe ń sọ ọ́. O lè rò pé àánú rẹ ló ń mú mi sọ báyìí, tàbí oògùn tí wọ́n ń fún mi. Ka ìyókù, wàá rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ràn kí wọ́n máa ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún ọ, àmọ́ fara dà á lónìí. Ọdún mọ́kànlá lèmi àti bàbá rẹ fi jọ ṣiṣẹ́ ní etí odò Singel, lójú tábìlì kan, kọ̀ǹpútà méjì. Ìwé ẹ̀tọ́ là ń rà là ń tà: ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ lè ra ìpín ilé iṣẹ́ tàbí kó tà á ní iye tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí, bí ọjà tiẹ̀ yí padà. A kì í sábà ta ẹyọ kan. Mẹ́rin la máa ń tò pọ̀ sínú ọ́dà kan ṣoṣo, ìyẹn àṣẹ rírà àti títà tá à ń fi ránṣẹ́ sọ́jà, ẹsẹ̀ la sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. A máa ta ẹsẹ̀ méjì, ibẹ̀ lèrè wa wà. A máa ra ẹsẹ̀ méjì, ìyẹn ló máa gbà wá sílẹ̀ tí ọjà bá ya wèrè. Kọ̀ǹpútà ló ń so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, tí gbogbo wọn ò bá lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìkankan ò ní í lọ. Ẹni tó bá tà láìrà, kò ní ààbò kankan.

Bàbá rẹ ní òfin kan tó gbé bọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pariwo iye ọjà fúnra wọn nínú gbọ̀ngàn, kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ẹni tó to ọ́dà kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹnì kejì ló máa ka ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, ẹni tó tò ó á fi ìka sí i lójú kọ̀ǹpútà, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn ìyẹn lẹni tó kà á á wá tẹ bọ́tìnì lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Àwọn ará tábìlì kejì máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní àwọn onísìn ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Bàbá rẹ á ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, pé òun mọ ọkùnrin kan tó ta ilé nítorí ẹsẹ̀ kan tí kò kà. Èmi ni mò ń tò, òun ló ń kà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orúkọ tirẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń kọ sílẹ̀ pé ó tẹ ọ́dà lọ.

Èmi ò ní sùúrù. Nígbà mìíràn ọ́dà wa á dúró síbẹ̀ láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà á ní iye tá a fẹ́. Mo wá mọ bí wọ́n ṣe ń yọ àmì kékeré tó so ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, màá kọ́kọ́ ta méjì nígbà tí iye rẹ̀ bá dára, màá wá ra méjì tó kù lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí iye tiwọn bá wálẹ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ó bọ́ sí i. Nígbà kẹrin, Verhulst ọ̀gá wa ká mi mọ́ ọn. Ó ní tí mo bá tún dán an wò, òun á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní í ríṣẹ́ ṣe nínú ọjà yìí mọ́ láéláé. Bàbá rẹ ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọmọ náà mọṣẹ́, ara ló ń yá a jù. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mí nígbà yẹn, ó ń pè mí lọ́mọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù kẹfà, ẹja haring tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ́dà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan wà lójú kọ̀ǹpútà mi tí kò rẹ́ni gbà á. Bàbá rẹ wọ kóòtù rẹ̀, ó ní òun ń lọ jẹ ẹja lórí afárá, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, tóun bá dé a óò jọ tún iye rẹ̀ wò. Ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tíì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tí iye ẹsẹ̀ méjì tá a fẹ́ tà fi dára sí i, ó dára ju bó ṣe wà láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ. Mo wò yíká. Mo bọ́ sórí àga bàbá rẹ. Mo yọ àmì yẹn, mo sì tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì lọ. Inú mi dùn, Jeltje. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé inú mi dùn.

Ó ku kí n ra méjì tó kù. Wọ́n fi díẹ̀ wọ́n ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, mo bá ní kí n dúró díẹ̀. Ibi tí mo ti ń dúró ni ìròyìn ti dé pé báǹkì ńlá kan lókè òkun ò lè san owó àwọn èèyàn. Ọjà ṣubú lulẹ̀. Iye ààbò tí mi ò rà yẹn di ìlọ́po méjì, ó di ìlọ́po márùn-ún. Ká ní mo rà á lójú ẹsẹ̀, à bá ṣì rí i gbé. Àgídí ò jẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé ó máa tó padà wá. Bàbá rẹ wọlé, tíṣù tó fi nu ẹnu ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ó ra ẹsẹ̀ méjèèjì ní iye tó bá a. Ìgbà tó rà á tán ló wá béèrè ẹni tó tú ọ́dà náà. Fóònù dún. Verhulst ń pè wá.

Gbogbo ohun tí tábìlì wa pa lọ́dún méjì ti lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Verhulst gbé ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde síwájú wa. Orúkọ Sybren ló wà níbẹ̀. Bàbá rẹ ní òun ò sí nídìí tábìlì, ẹja lòun lọ jẹ. Verhulst bá kọjú sí mi. Mo mọ̀ pé ó máa gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi tí mo bá la ẹnu sọ òótọ́. Mo ní bàbá rẹ ló ka ọ́dà náà tó sì tẹ̀ ẹ́ kó tó jáde, pé bóyá ó gbàgbé láti so ó pọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà kò há mi lọ́fun rárá. Bàbá rẹ yíjú sí mi. Kò bínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni mo dúró sí, màá ní ẹ̀rù iṣẹ́ ló bà mí. Ibẹ̀ kọ́ ni mo dúró sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó dúró dè mí níbi tá a máa ń so kẹ̀kẹ́ mọ́. O gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ní ọdún méjì ṣáájú, ó ti sọ fún mi nípa bàbá rẹ̀ ní Bolsward, àti bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rù nígbàkigbà tí nǹkan kékeré bá sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún níbi iṣẹ́. Mo mọ ibi tó ń dùn ún gan-an.

Ó ní, "Ietje, mi ò bínú sí ẹ. Ṣáà sọ òótọ́ fún mi. Mo rántí pé mo wọ kóòtù. Mo rántí àtẹ̀gùn, mo rántí obìnrin tó ta ẹja fún mi, kódà ó ní àlùbọ́sà tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ti fẹ́ẹ̀ tán. Mi ò rántí pé mo ka ẹsẹ̀ kankan. Ṣé mo kà á?"

Mo ní, "Ẹ kà á, ẹ̀gbọ́n. Mo fi ìka mi sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ti gbàgbé ni."

Ó wá rọra béèrè, "Ṣé ó ti ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí?"

Jeltje, kò sẹ́ni tó ti mí. Verhulst ò sí níbẹ̀. Ǹ bá ní rárá, kò sí nǹkan kan tí ì bá yí padà nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi. Àmọ́ mo ronú pé tó bá dá a lójú pé kì í ṣe òun, ó máa lọ bá obìnrin ẹlẹ́ja, ó máa wádìí aago tóun dé ibẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Ó ti tó ìgbà mẹ́ta. Mi ò fẹ́ bà yín lọ́kàn jẹ́ ni mi ò ṣe sọ."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní èèyàn bíi tèmi ṣọ̀wọ́n, pé ẹlòmíràn á ti lọ máa sọ ọ́ kiri. Èmi náà ní kò tọ́pẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó lọ bá Verhulst fúnra rẹ̀, ó ní òun lòun tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má dààmú Ietje. Ohun tí kò ṣe ló jẹ́wọ́ yẹn. Wọ́n ní kó máa lọ jẹ́jẹ́, wọ́n sì gbé tábìlì náà fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọ́ nígbà yẹn. O fẹ́ kó kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà, ó kọ̀, o bá a jà, o ní kò ráyè tìrẹ. Ẹ̀mí rẹ ni kò fẹ́ fi sọ́wọ́ ara rẹ̀. Nítorí ìyẹn náà ló ṣe ta ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ní Makkum. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí nǹkan kan, ó ní àwọn dókítà ò bá òun ṣiṣẹ́ pọ̀, Ietje ló mọ òun. Ọjọ́ Ìsinmi kan a ta káàdì nílé yín. Nígbà tá a ta á tán, ó ka gbogbo káàdì tí mo sọ sílẹ̀ láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ó fi ibi tí mo ti ṣì í hàn mí. Ìyá rẹ wò mí. Ó ń retí kí n sọ nǹkan. Mo ní ara yín mà yá lónìí o, ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún un. Ó kú sórí àga rẹ̀ ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, àyà ló pa á, ó sì kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹ̀yà ara kan nínú òun ti ń kú ṣáájú òun.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni o fún mi ní ìwé kékeré tó máa ń kọ nǹkan sí, o ní o ò lè kà á. Mo kà á. Ó kọ orúkọ àwọn tó yẹ kí òun gbà gbọ́ síbẹ̀, fún ọjọ́ tí kò bá ní í mọ nǹkan kan mọ́. Lábẹ́ tèmi ó kọ ọ́ pé: "Tí Ietje bá ní mo ṣe é, kí n gbà pé mo ṣe é. Kò purọ́ fún mi rí." Ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Tìrẹ ni.

Mo ti kọ̀wé sí Verhulst àti sí ilé iṣẹ́, mo ti fọwọ́ sí i níwájú lọ́yà. Àwọn ọmọ tó ń jókòó nídìí tábìlì yẹn báyìí, tí wọ́n bá rí i kà, kí wọ́n mọ̀ pé owó tí mo sọ nù, àwọn èèyàn gbàgbé rẹ̀ kí ọdún tó yípo. Ìbéèrè tí Sybren bi mí níbi tá a so kẹ̀kẹ́ mọ́ kò jẹ́ kí n sinmi fún ọdún mẹ́tàdínlógún.

Èmi kì í ṣe dókítà. Lọ bá tìrẹ, sọ ohun tí mo kọ yìí fún un, kó yọ bàbá rẹ kúrò nínú ohun tó fi ń ṣírò bóyá àìsàn ìgbàgbé lè mú ìwọ náà. Mo ń bẹ̀ ọ́ kí o dárí jì mí, mi ò ní í purọ́ pé mi ò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí, tí o ò bá sì lè ṣe é láéláé, mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Pe Rutger ná. Sọ fún un pé bàbá rẹ rántí ohun gbogbo.