Èédú Tí Mo Ní Ó Ti Yan Tán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú sí mi. Ó ti pé oṣù méje tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí lẹ́tà kan tí bàbá kan ní kí n bá òun kọ, tí mi ò lè kọ.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Ugborikoko ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èédú ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń wà jáde láti inú ilẹ̀, la fi ń dáná níbẹ̀. Bí iná bá mú un láì tíì yan án, á rọ̀, á wú, á dì pọ̀ bí òkúta kan, afẹ́fẹ́ ò sì ní ráyè kọjá. Nítorí náà a kọ́kọ́ ń yan án lórí páànù irin ńlá fún wákàtí mẹ́rin, bí ẹni ń yan gàrí, kó má baà lè dì mọ́. Bàbá Súlè, àgbàlagbà kan tó wá láti ìhà Ọ̀yọ́, ló ń yan án. Èmi tí mo kàwé ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́jọ́ náà mo fẹ́ lọ ṣe ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ epo kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò: láti ìgbà tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán ni mo ti ń wá irú iṣẹ́ yẹn. Kò tíì pé wákàtí méjì tí wọ́n ti ń yan án tí mo fi ní kí Bàbá kó èédú náà kúrò lórí iná.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, eléyìí ò tíì jinná o."

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ lọ yunifásítì ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ọ̀gá mi."

Ó yẹ kí n sun díẹ̀ wò nínú ìkòkò kékeré, bóyá yóò dì. Mo mọ̀ pé yóò dì. Èédú kan wà lẹ́bàá ọgbà tí oòrùn àti òjò ti pa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Irú ìyẹn kì í dì mọ́. Òun ni mo bù sun. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé tí Bàbá yan ni, pé ó yege, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, èédú náà dì nínú ìléru tí a fi ń yọ́ irin. Bàbá fi ọ̀pá irin gún un kó lè tú. Iná bẹ́ jáde, ó jó ọwọ́ ọ̀tún wọn.

Ọ̀gá wa wo ìwé mi, ó kọjú sí wọn: "Baba, di paper correct. Na you overload am." Mo wà níbẹ̀. Bàtà mi ni mò ń wò. Wọ́n dá Bàbá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò sì rí iṣẹ́ epo náà gbà.

Ohun tó ń pa mí ni pé Bàbá gbà á gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n kó ọsàn wá sílé mi. Wọ́n ní, "Ìwé ò lè parọ́, ọmọ mi. Èmi ni mo kó o kún jù. Bá mi kọ lẹ́tà, sọ pé mo jẹ̀bi, kí wọ́n gbà mí padà, ì báà jẹ́ láti máa gbálẹ̀."

Mo ní màá kọ ọ́. Mo jẹ nínú ọsàn náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà. Mo ti gbà á. Bí mo bá sọ òótọ́, iṣẹ́ tèmi náà bọ́ nìyẹn. Kí ni kí n kọ? Ọ̀la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ni Bàbá ń bọ̀ wá tẹ̀ka sí lẹ́tà náà. Wọ́n ti bi mí bóyá ọ̀gá yóò gbà bí àwọn bá fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́.